A Pè É, Kò Jẹ́

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù,
lóru òní ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò padé,
ọmọ mọ́kàndínlógún ló há sórí bẹ́ǹṣì ní yàrá kọ̀ǹpútà wa
ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, láàárín òkè àti òkè.

Mo tẹ orúkọ kan, mo tẹ òmíràn.
Ẹ̀rọ ronú títí bí àgbà tí ń wá gíláàsì ojú rẹ̀,
ó wá ní: n kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
(Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ fèsì rárá. N kò fiyè sí i.)

Mo yọjú lójú fèrèsé: òpó ń bẹ lórí òkè,
iná pupa orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú.
Mo bá fi orúkọ sílẹ̀, mo fi nọ́ńbà pè,
ẹ̀jọ, ẹ̀jọ, ẹ̀jọ, ẹ̀jọ,
kíá ló dáhùn, kò kólòlò.
Ọ̀nà là. Afárá ò já.
Orúkọ nìkan ni kò jẹ́.

Bọ́látitó ní: "Sà, báwo lèèyàn ṣe ń rí ilé ẹni
tí kò mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ?"
Mo rántí Bàbá Fátúnlà, ará ilé ìfìwéránṣẹ́.
Láyé ìgbà náà, ilé kan kò ní nọ́ńbà nílùú yìí.
Kọ "Ìyá Ọdúnayọ̀, Ẹ̀fọ̀n" sẹ́yìn àpòòwé,
bàbá á gun kẹ̀kẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ níbi tí òkè ti le,
á máa tì í lọ títí dé ẹnu ọ̀nà.
O pè é ní ilé o, o pè é ní ulé,
òun ṣáà mọ ibi tí ìloro wà.
Nígbà tó kú, lẹ́tà kò yéé dé.
Orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń pọ́n.

Mo ní ká wo ẹni tí ẹ̀rọ wa ń bi lọ́nà.
Mo ṣí /etc/resolv.conf.
Ìlà kan ṣoṣo: nọ́ńbà ọ́fíìsì kan ní Adó
níbi tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà wá fún wa.
Wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti wó ògiri rẹ̀.
Ẹ̀rọ kò gbọ́. Láràárọ̀ ló ń lọ kan ilẹ̀kùn,
tó ń dúró de ẹni tí kò sí.

Mo pa ìlà náà rẹ́, mo kọ òmíràn. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.
Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn:
nọ́ńbà Adó ti padà jókòó
bí ewúrẹ́ tí a lé kúrò nídìí èèpo iṣu.
Ìgbà náà ni mo ka ohun tí mo ti fojú fò lókè fáìlì:
ẹ má fọwọ́ kọ nǹkan síbí, ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́.
Ewé ni mo ti ń já látàárọ̀.
Mo wá ẹni tó ń kọ ọ́ lọ, mo yí i lọ́hùn-ún.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́,
àyàfi ti àjọ ìdánwò gan-an.
Òun jẹ́, ṣùgbọ́n ilé àjèjì ló ti ń jẹ́,
ilé tí a ti tì pa.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́.
Mo ti bú àwọn ará Adó tán, mo ti bú ẹni tó ni òpó.
Bọ́látitó nawọ́: "Sà, ṣé ẹ̀rọ ò ní ìwé tara rẹ̀ ni,
tó máa ń wò kó tó béèrè lọ́wọ́ ará ìta?"

Ó ní. /etc/hosts.
Orúkọ àjọ náà rèé, nọ́ńbà àtijọ́ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
àti àkọsílẹ̀ kékeré kan:
fún ìgbà díẹ̀ ni o, màá yọ ọ́ lọ́la.
Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀.
Ọ̀la yẹn ti pé ọdún méjì.

Mo fi ọwọ́ bo ibẹ̀ bí mo ṣe ń pa á rẹ́.
Bọ́látitó ti kà á. Ó yíjú sí fèrèsé, ó ń wo òkè.
Ojú ewé ìdánwò ṣí, funfun báláú,
mo dìde, mo ní kó wá jókòó, òun ni ká fi bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀rọ bi í pé: orúkọ?